Ẹni Méjì Ló Ń Jó Ẹ̀kọ́ Keje

Ọmọ mi, Ẹsẹ̀-Kì-í-Gbélẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú làálàá ìgboro. Bí ara rẹ bá le níbẹ̀ yẹn, ara tèmi náà le níbí, nítorí ìwọ nìkan ló kù tí mò ń pè ní ara mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ. Kí ẹsẹ̀ tí o fi ń wá oúnjẹ má yẹ̀ lórí pákó, kí orúnkún má dùn ọ́, kí àwọn tó ń wò ọ́ má fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, mo ti gbé garawa sí abẹ́ rẹ̀, èmi àti garawa náà ti mọ ara wa báyìí, tí òjò bá ti ń ṣú ni mo ti máa ń lọ gbé e síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi, bí ẹni pé ẹnìkan wà tó máa sọ fún mi. Télọ̀ iwájú ilé wa ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kí n máa bá òun wo ojú ilé, èmi náà ń wo ojú ilé, kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀. Iṣẹ́ bàtà kò yá. Bàtà onírọ́bà ni àwọn èèyàn ń rà, tó bá já wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á ra òmíràn. Nígbà mìíràn mo lè jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí sẹ́yìn ilé kí ó jẹ́ pé òòlù mi nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti kan ìṣó sí bàtà tí kò ní olúwa rí, nítorí kí ilé lè ní ariwo.

Fóònù tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Kánjúkánjú ló ń ṣe, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀, ó kàn fi àmì onígun mẹ́ta kan hàn mí, ó ní tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ màá rí ọmọ mi. Mo ní irọ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí ọ. O ti gé irun rẹ, o wọ aṣọ dúdú, ojú rẹ sì ti wá jọ ti ìyá rẹ ju bó ṣe jọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. O kí mi káàbọ̀, o pè mí ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. Mo dìde dúró, mo bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ pé oríṣi ijó méje ni o máa fi hàn mí àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo ní ó dáa, ìbínú ọdún mẹ́rin kò lè tán lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà o gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Wọ́n bi mí ní orúkọ mi, ó yà mí lẹ́nu pé o kò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọdún mélòó ni mo ti fi ń jó, mo kọ pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tún bàtà ṣe. Wọ́n ní ta ni ẹnìkejì mi nínú ijó, mo kọ orúkọ ìyá rẹ. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, mo kọ pé kò gbé fóònù lọ síbi tó lọ. Fọ́ọ̀mù náà pọ́n kúú, ó ní mo ṣe àṣìṣe. Mo bi í pé àṣìṣe wo. Nígbà tó sú mi mo fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ilé wa sí i, ó sì gbà á. Wọ́n tún ní kí n ra dátà, mo lọ rà á, wọ́n gba owó, wọn kò fún mi ní nǹkan kan, kódà wọn kò fi ọ̀rá wé e, mo dúró síbẹ̀ títí olùtajà fi ní kí n máa lọ sílé.

Láràárọ̀ ni mo ń wẹ̀ kí n tó wá sí ẹ̀kọ́. Mo máa ń fi fóònù ti agolo gọ́ọ̀mù lórí pẹpẹ tí mo ń sá bàtà sí, màá dé fìlà, màá sì kí ọ. Ẹ̀kọ́ kìíní ni ti báléètì. O ní inú ààfin àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Faransé, ọba kan níbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ń jó o. Èmi kì í wo ojú oníjó, bàtà ni mò ń wò. Bàtà yẹn le níwájú bí pákó, gbogbo ìwúwo ara ló wà lórí ọmọ ìka. Bí oníbàárà bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, màá ní kí ó lọ sinmi. Ibi tí o ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè ni ẹnìkan ti kanlẹ̀kùn, mo tẹ fóònù pé kí o dúró dè mí. Iṣẹ́ ẹni yẹn gbà mí lákòókò, mo bá a gbé bàtà dé ilé rẹ̀, mo yà ra tábà. Nígbà tí mo fi máa padà dé lọ́sàn-án, orí ẹsẹ̀ kan yẹn náà ni mo bá ọ. Láti àárọ̀. O sì ń rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi. Mo sáré tẹ̀ ẹ́ pé kí o gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, mo gbé àpótí ìjókòó síwájú fóònù bóyá o máa fẹ́ jókòó. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ jáde, mo máa ń dúró kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kanlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni mo fẹ́ràn jù, ijó tí wọ́n ń fi irin ìdí bàtà lu ilẹ̀ bí ìlù. O ní àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀gá wọn gba ìlù lọ́wọ́ wọn, wọ́n bá fi ẹsẹ̀ ṣe ìlù, àwọn òtòṣì ará Áílándì náà sì ní ijó ẹsẹ̀ tiwọn, ni wọ́n bá lú méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò dákẹ́, mo kan sáárá sí i. Mo kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ìdí bàtà mi, mò ń fi rìn láti yàrá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé yàrá. Ó dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ló ń gbé ilé.

Onígbàjámọ̀, ẹni tó ń bá mi gba iná sí fóònù, gbọ́ ariwo náà, ó bi mí bóyá mo ti fẹ́ ìyàwó. Mo ní ọmọ mi ló ń kọ́ mi ní ijó. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó ní ṣé èmi kọ́ ni mo dúró lójú ọ̀nà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí mò ń pariwo pé ijó kì í ṣe iṣẹ́. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ gbé fóònù mi fún mi.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ijó wọ́ọ́sì. O ní àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ọ́stríà àti Jámánì ló ni ín, nígbà tó dé ìgboro àwọn àgbà bínú pé kí ló dé tí ọkùnrin àti obìnrin ń dì mọ́ra ní gbangba, wọ́n bú wọn, wọ́n wàásù, nígbà tó yá àwọn àgbà náà wọ inú ijó. Mo tẹ ibẹ̀ yẹn padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ti ilẹ̀ Íńdíà kò ní bàtà, ojú àti ìka ni wọ́n fi ń sọ̀tàn, n kò lè dá sí i. Ti Sípéènì á jẹ gìgísẹ̀ bàtà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti Bùràsíìlì yára jù fún mi, mo jókòó wò ọ́, mo pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dí wa lọ́wọ́. Tí o bá ń kọ́ mi lọ́wọ́, ẹnìkan á kàn já wọ inú fóònù, á máa dún, á bo ojú rẹ pátápátá. Kò fi ojú ara rẹ̀ hàn, àwòrán bàtà pupa kan ló gbé síbẹ̀, ó jọ pé oníṣòwò bàtà ni, ó fẹ́ tajà fún mi. Àmì pupa wà, àmì aláwọ̀ ewé sì wà, pupa ni mo máa ń tẹ̀ láti lé e lọ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìwọ á padà wá. Ẹ̀dá yẹn kì í gbọ́, n kò sì mọ ibi tó ti rí nọ́ńbà fóònù tí o rán sí mi. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá ó dún lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lé e.

Ẹ̀kọ́ keje ni mo ti wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò lè kúrò níbẹ̀. Táńgò. O ní etí èbúté kan ní ilẹ̀ Ajẹntínà ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó wá iṣẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn àti àwọn ọmọ ẹrú àtijọ́, àárò ilé ló sì pọ̀ nínú orin rẹ̀. Mo ní ijó ẹni tó lọ nìyẹn, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́, kí ni òun ń jó? O súnmọ́ gíláàsì, o na ọwọ́ sí mi, o ní kí n gbà á, pé ijó yìí kò ṣeé dá jó. Mo nu gọ́ọ̀mù kúrò ní ọwọ́ mi, mo na tèmi náà. Bí ìka mi ti kàn ọ́ báyìí, o gan. Ojú rẹ dúró, ọwọ́ rẹ dúró, o kò tilẹ̀ mí. Mo tún kàn ọ́, o ń jó lọ, o ti kẹ̀yìn sí mi. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, bákan náà ni. Mo lo ọwọ́ òsì, bákan náà ni. Tí n kò bá ti fọwọ́ kàn ọ́, inú rẹ á dùn, tí mo bá ti fọwọ́ kàn ọ́, o ti dá dúró. Ìgbà yẹn ló yé mi pé o kò tíì dárí jì mí.

Ọmọ mi, mo mọ ohun tí mo sọ. Mo ní kí o má gbé ẹsẹ̀ ijó yẹn wọ ilé mi mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó balẹ̀, ó fọ́, o sì gbà á bí mo ṣe sọ ọ́, ọdún mẹ́rin rèé o kò gbé e wọlé. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyá rẹ kò tíì pé ọdún méjì nínú ilẹ̀, ìwọ náà ń di ẹrù, mo wá ohun tí mo lè fi dá ọ dúró, ìbínú nìkan ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Èmi lo ọ̀tún, òsì mi ti wà nínú àpò láti ìgbà náà. Mo bẹ̀ ọ́. Mo dá wà, àárò rẹ ń sọ mí, n kò sì lè fi irin ìdí bàtà tan ara mi jẹ títí ayé.

Mo ń rán bàtà ijó fún ọ. Ẹsẹ̀ onígi tí mo gbẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi rán ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀rù wá bà mí pé ẹsẹ̀ rẹ á ti tóbi sí i. Mo gbé okùn ìwọ̀n lé gíláàsì fóònù láti wọ̀n ọ́, ó ní ẹsẹ̀ rẹ kò gùn tó àtàǹpàkò mi. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń dúró dè ọ́ lórí pẹpẹ.

Nǹkan tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi owó dátà ránṣẹ́, èyí tí mo rà ti tán kí n tó rí i. Fi owó gọ́ọ̀mù àti òwú dúdú kún un, àti ti páànù méjì fún yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tí owó náà àti owó ọkọ̀ rẹ kò bá lè jọ wà, fi gbogbo rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sílé, kí òrùlé máa jò. Ẹsẹ̀ ijó yẹn gan-an ni kí o gbé wá.

Kí ọ̀nà má na ọ́. Ibi tí o bá tẹ̀, kí ó rọ̀ fún ọ. Wàá bí ọmọ tí yóò gbọ́ tìrẹ, ìwọ náà á sì ní ẹnu rere láti bá a sọ̀rọ̀ ju èmi lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ.

Ó tún ti ń dún lórí pẹpẹ. Oníbàtà pupa yẹn náà ni. Ẹ̀kọ́ kọ́ ni mò ń wò báyìí, kò rí ojú rẹ bò, nítorí náà màá tẹ aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kí n sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ó yé pè mí, pé ọmọ mi ni mò ń kọ̀wé sí. Dúró dè mí, fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, mò ń bọ̀ wá bu ọwọ́ lu lẹ́tà yìí.