Àwòrán Tí Wọ́n Gé Láàbọ̀

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àdúgbò,
Yàrá Kìn-ín-ní, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌKÀNNÌ YÍN GÉ ẸNI TÓ Ń LU ÀBÚRÒ MI DÀNÙ, Ó SÌ SỌ ÀBÚRÒ MI DI ONÍJÀGÍDÍJÀGAN

1. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ya àwòrán tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú lẹ́tà yìí, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má kàn gé e dànù, nítorí gígé ló kó wa sí wàhálà.

2. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọkùnrin kan tí onílé háyà láti lé àwọn ayálégbé jáde já wọ àgbàlá ilé ìtẹ̀wé tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń gé pépà. Ọ̀pá irin ló mú dání. Ó fọ́ fèrèsé mẹ́ta, ó la irin náà mọ́ ẹ̀rọ ìgépépà, lẹ́yìn náà ó la á mọ́ àbúrò mi lórí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó sì ṣàn dé ọwọ́. Bí ọkùnrin náà ti tún na irin sókè ni àbúrò mi fa pátákó kan nílẹ̀, ó gbé e sókè láti fi gba orí ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ya àwòrán. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sáré gbà á. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, eré tí mo lè sá kò lè bá adìẹ. Kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ mi. Iná rẹ̀ kọ yẹ̀rì sí ọkùnrin náà lójú, ó sì sá lọ.

3. Akọ̀wé yín bẹ̀ mí fún àwòrán náà fún ìwé ìròyìn yín tó ń jáde lóṣooṣù. Mo fún un ní èyí tó tóbi jù, tó yẹ fún títẹ̀. Wọ́n tẹ odindi rẹ̀: onírin lápá òsì, àbúrò mi lápá ọ̀tún. Gbogbo ẹni tó rí i ló bá wa kẹ́dùn. Mo dúpẹ́ nígbà náà, n kò sì gba ọpẹ́ náà padà.

4. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sórí ìkànnì ayélujára yín ló bàjẹ́. Àyè ibẹ̀ kò fẹ̀. Dípò kí akọ̀wé yín dín odindi àwòrán kù, ńṣe ló gé apá òsì dànù kí ìyókù lè wọlé. Irin lọ, ẹni tó mú un lọ. Ó ku àbúrò mi, ojú rẹ̀ le koko, pátákó lókè orí, bí ẹni tó fẹ́ pa èèyàn. Ó tún gbàgbé láti yí àwọ̀ padà, nítorí àwọ̀ yíǹkì orí pépà kì í ṣe ti ojú fóònù. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣókùnkùn lórí pépà wá ń tàn yòò, bíi pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni àbúrò mi fi wẹwọ́. Wọ́n wá kọ "Jàgídíjàgan ní Àdúgbò Wa" sábẹ́ rẹ̀.

5. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi dúró ní ibùdókọ̀. Obìnrin kan wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ wá o! Wèrè onípátákó nìyí!" Ọkùnrin mẹ́rin dà bò ó. Wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Eyín méjì yọ, egungun ìhà kan ṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń bi í bó ti ń ta á nípàá pé, "Bàbá, pátákó ẹ dà? Gbé e wá ká rí i!" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé mi ló ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á fọwọ́ bo orí. Bí wọ́n bá tún rí i mú níta, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wá bá mi.

6. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá sí ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé yín ní odindi àwòrán náà wúwo tó mẹ́gábáìtì ọgọ́rin, pé bí òun bá gbé e síbẹ̀, ìkànnì kò ní lè ṣí. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ àwòrán tiyín, Ọ̀gá Alága, wà lójú ewé kan náà, ẹnikẹ́ni kò gé e. Ikùn yín wọlé tán, bẹ́líìtì gan-an kò kù síta. Inú mi dùn sí i. Irú ìtọ́jú yẹn ni mo ń tọrọ fún tiwa.

7. Kí ẹ má baà sọ pé ẹnu lásán ni mo ní, èmi àti ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó ti kọ̀ǹpútà. A ṣe ẹ̀dà kan, a fi ojúlówó pamọ́. A yí àwọ̀ rẹ̀ sí ti ojú fóònù, a dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ẹgbẹ̀fà píksẹ́lì láìgé ohunkóhun, a sì fún un ní orúkọ mìíràn. Kò wúwo tó ìdá kan nínú igba ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lórí fóònù ọmọ mi tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, ó ṣí kí n tó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán náà wà lórí fíláàṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, nínú àpòòwé yìí.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ fi tiwa rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ fún oṣù kan gbáko pé ẹni tó gbé pátákó ni wọ́n ń lù.

9. Èyí tó kù kò wù mí kọ. Ojú onírin yẹn ni mo fẹ́ kó hàn jù, ǹ bá tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe é lọ́wọ́, àbúrò mi dìde kúrò ní ibi tó jókòó sí, ó wá dúró lẹ́yìn wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bò ó lójú. Èmi mọ bó ṣe ń rí ní ibùdókọ̀." A jiyàn títí, mo sì bínú sí i. Àwọn ọlọ́pàá ti ní èyí tí ojú rẹ̀ hàn, ó tó bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, mo ti sọ ojú ọkùnrin náà di bàìbàì. Irin rẹ̀ nìkan ni n kò bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí àga ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín ti mọ ìdí mi dáadáa,

Bàbá Oníkámẹ́rà,
Ayàwòrán tó ti fẹ̀yìn tì.