Ọ́ìlì Tó Ń Fẹ́ Àyè Láti Mí

Ignatis ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Áténì ṣì ń jẹ́ kí o jẹun kánú? Àwa wà níbí, ewúrẹ́ wà, orúnkún mi náà wà, ó ń ro mí. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọ.

Mo rí ìwé àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́ nípa ìgò ọ́ìlì tó ń gbé jáàkì, tí mo bù nínú táǹkì ẹ̀rọ ìfún-ólífì bàbá rẹ, èyí tó ti funfun bí wàrà. Wọ́n kọ 23/21/18 sí i gàdàgbà. Mo mú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá oṣù kọkànlélógún títí, n ò rí i. Ṣé ní Áténì, oṣù kì í tán ni?

O tún ní kí n fi àyè sílẹ̀ lókè ọ́ìlì nínú táǹkì, kí n má sì dí ihò tó fi ń mí. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń tọ́jú òróró ólífì láti ogójì ọdún! Ta ní ń fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lórí òróró, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kó bàjẹ́? Mo rọ ọ́ kún dé ẹnu, mo sì fi ìda dí ihò náà pinpin.

Bí a ṣe tan ẹ̀rọ, ó ń han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, jáàkì ń gbọ̀n, ìda fò dànù, ìfófòó sì bo bàtà àlùfáà wa tó wá wòran. Prokopis aládùúgbò wa ní kí n bu kọfí tòun wá, kí n má fi ṣúgà sí i, bí èyí tí à ń mu nílé òkú. Ó ní bó bá di Sátidé tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, òun á kó ogójì àpò ólífì òun lọ sí ilé-iṣẹ́ tuntun ìsàlẹ̀ òkè, kó má bàa gbóná nínú àpò. Bí Prokopis bá lọ, gbogbo abúlé á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ bàbá rẹ á sì di ilé adìyẹ.

Inú bí mi, mo pa ẹ̀rọ tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo gbọ́ tìrẹ, ìwọ tó ní kí n jẹ́ kó sinmi o. Lọ́jọ́ kẹrin, ìfófòó ti lọ. Mo ṣí ìdí táǹkì bí ìyá bàbá rẹ ṣe máa ń ṣí ìdí ìkòkò láti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òróró nù. Omi ló kọ́kọ́ jáde, ife méjì, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ dúdú, kí ọ́ìlì tó mọ́ bí oyin tó dé. N kò rọ ọ́ kún mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a fún ólífì Prokopis tán, ó sì ní kí n fi ṣúgà sí kọfí òun.

Ṣé ohun tí o fi ọdún márùn-ún kọ́ ní yunifásítì nìyẹn? Ìyá bàbá rẹ ò mọ̀wé, ó mọ̀ ọ́n.

O ní ìdọ̀tí kan wà tí ojú ò rí, tí kò ní rì, pé òun gan-an ló ń jẹ ẹ̀rọ, pé iye rẹ̀ ni 23/21/18 yẹn, kì í ṣe ọjọ́. Bí ojú ò bá rí i, ta ló kà á fún yín? Síbẹ̀, fi ọgọ́rin yúrò ránṣẹ́, kí n fi ra asẹ́ tí o wí.

Kí ohun tó fúyẹ́ fò kúrò lórí rẹ, kí èyí tó wúwo rì sílẹ̀, kí ìwọ mọ́ kedere láàárín. Bí o bá wálé, má sọ ọ̀rọ̀ àyè yẹn fún Prokopis. Mo ti sọ fún un pé ìyá bàbá rẹ ló kọ́ mi.

Ìyá rẹ,
Mirsini