Ẹ Bá Wa Ká Fóòmù Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn

Ilé tó fara ti Gbọ̀ngàn,
Òpópónà Ilé-Iṣẹ́ Bàtà.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ tó ń Rí sí Ariwo Àdúgbò,
Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KÁ FÓÒMÙ TÍ Ẹ TẸ́ SÍ ILẸ̀ GBỌ̀NGÀN IJÓ

1. Èmi ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri yàrá rẹ̀ fara kan ilé-iṣẹ́ bàtà àtijọ́ tó ti di gbọ̀ngàn ijó báyìí. Lẹ́tà mi kẹta sí yín rèé. Ó ti rẹ̀ mí, ó sì dá mi lójú pé ó ti rẹ akọ̀wé yín náà.

2. Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, àwọn àgbàlagbà kan máa ń pé jọ síbẹ̀ láti jó rééfù, ìyẹn orin ẹ̀rọ kíkankíkan tí wọ́n jó nígbà èwe wọn. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, nítorí pé orúnkún wọn kò gba àìsùn mọ́. Ìlù rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìró tó gùn ún lórí dà bí ayùn tó bá ìṣó pàdé. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láéláé.

3. Nínú lẹ́tà mi kìn-ín-ní, ariwo ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ fèsì pé ẹ ti "ṣe àmúlò ìlànà ìdẹ̀rọ̀ ìgbọ̀nrìrì bó ti tọ́ àti bó ti yẹ." Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, n ó ní kó lọ mu omi, kó wá sọ ohun tó ṣe. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ tẹ́ fóòmù nínípọn sórí ilẹ̀ onípákó, ẹ sì fi rọ́bà sábẹ́ àwọn sípíkà. Ilẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni ariwo ń gbà tọ̀ mí wá, ibẹ̀ ló sì ń gbà títí di òní. Ẹ̀yìn ló ń yún mi, ikùn ni ẹ bá mi họ.

4. Ẹnì kan ṣoṣo tí gbígbọ̀n náà wúlò fún ni ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, tí a jọ ń gbé, kò gbọ́ràn láti kékeré. Ní Sátidé kan, ó lọ fún ọ̀kan nínú àwọn oníjó náà ní ṣòkòtò tó bá a tún ṣe, kò sì tètè dé. Mo wá a lọ. Mo bá a tó bọ́ bàtà, tó dúró ti sípíkà, tó ń jó, kò sì ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọkùnrin tó ń yí àwo fún wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìjì, sọ fún mi pé: "Tíṣà, ẹ fi àbúrò yín sílẹ̀ o. Àwa ń fetí gbọ́ ọ ni, àwọn ń fẹsẹ̀ gbọ́ ọ." Láti ọjọ́ náà, kò pa Sátidé kan jẹ. Obìnrin tí kì í lọ sóde, tó máa ń wo ẹnu èèyàn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí ohùn rẹ̀ kú, di ẹni tí wọ́n ń juwọ́ kí láti òdìkejì títì.

5. Nígbà tí ẹ tẹ́ fóòmù tán, ó lọ, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí, ó sì padà wálé kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ó fọwọ́ sọ fún mi pé: "Wọ́n ti sọ ilẹ̀ di adití bíi tèmi." Ó fi rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìjì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá; àbúrò mi ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Irọ́ ni. Kò tún lọ mọ́.

6. Mo kọ lẹ́tà kejì. Ẹ ní fóòmù kò ṣeé ká, nítorí pé ẹ tẹ́ ẹ "fún ààbò olùfẹjọ́sùn." Èmi ni olùfẹjọ́sùn náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dáàbò bò mí mọ́.

7. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀: kí ẹ ká fóòmù, kí ẹ yọ rọ́bà, kí ilẹ̀ lè gbọ̀n. Bí àwo ìjẹun mi bá ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fara mọ́ ọn, n ó sì fọwọ́ sí ìwé tó bá yẹ. Ti ojú fèrèsé, mo ti gba kámú. Bí ariwo kò bá ní ṣàì wà, ẹ jẹ́ kó kúkú wúlò fún ẹnì kan nínú ilé wa.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìwọ̀nba sùúrù tó kù,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀gbọ́n aránṣọ.