Ta Ló Tọ́jú Ràfíù?

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá 1988

Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí àwọn èèyàn ibí fi ń padà wá dúpẹ́ oore àná. Wọ́n fẹ́ tún fojú kan ẹni tó ṣe é. Níbi tí mo ti kàwé lókè òkun, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dúpẹ́.

Ìyá Ràfíù, tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ lánàá, kúnlẹ̀ níwájú mi ní wọ́ọ̀dù. "Dókítà, a dúpẹ́ àná o. Ẹ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀."

Lánàá, èmi ló yẹ kí n wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo yọ́ lọ ra òfì l'Ọ́jà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́.

"Ìyá, kì í ṣe èmi."

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ dókítà ìlú òyìnbó! Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ń sá. Ṣebí èmi ni mo gbé abẹ́rẹ́ lé yín lọ́wọ́."

Mo wo káàdì ìtọ́jú Ràfíù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà, ó sì wò mí títí.

"Ọwọ́ yín gbóná lónìí," ló wí.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá wa fún mi ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ dókítà wò lọ́dọọdún. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kì í pa iṣẹ́ jẹ, ó fi ti Ràfíù ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá buwọ́ lù ú, irọ́ ni. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, wọn ó sì bi mí pé ta ló wá.

Ọ̀la ni ọ̀gá wa ń gba fọ́ọ̀mù náà padà. Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo lè bi: kí ni kí n ṣe?