Ohun Tó Ń Pa Bátìrì Caravan Yín

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ caravan yín ni, ilé kékeré onítáyà tí ẹ máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa ní Peckham ní London níbí, níbi tí ẹ gbé e sí. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun tí ẹ máa ń gbé mi lọ ní kékeré, kí àwọn náà lè sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ò gbà fún mi. Màá fi í sórí ṣájà kí n tó lọ shift ní Camberwell, á kún dáadáa. Tí mo bá yọ ọ́ lórí ṣájà, kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ó ti kú: iná ò tàn, páńpù omi ò dún. Mo ra bátìrì tuntun. Ìyẹn náà kú. Mo ha ìpẹtà orí wáyà kúrò, mo so ó padà, mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i. Ó tún kú.

Ni mo bá pe Wálé. Ẹ mọ̀ pé kì í wù mí kí n pè é. Ọmọ tí ẹ bí n'Íbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí Mummy ò fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Nígbà tó wá dé London, tí èmi ń ṣe shift lórí shift, òun ló ń wá bá yín ní gbogbo Saturday. Láti fèrèsé kíṣìnì ni mo ti máa ń rí ẹsẹ̀ yín àti tirẹ̀ tó yọ síta lábẹ́ caravan, tí ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ ń sọ fún un? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí rí, kí n kàn wá bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú?

Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo àdúgbò. Ló bá mú mítà tí ẹ fi ń wọn iná jáde nínú àpò rẹ̀. Èyí aláwọ̀ yẹ́lò, tí ẹ fi téèpù dúdú wé ìdí rẹ̀. Mo ti tú gbogbo ẹrù yín lẹ́yìn ìsìnkú yín nítorí mítà yẹn! "Dádì ló fún mi," ló sọ, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan.

Ó tú wáyà kan lórí bátìrì, ó fi mítà sí àárín wọn. Gbogbo iná la ti pa, síbẹ̀ nọ́ńbà wà lójú mítà.

"Sìsítà mi, ẹ wò ó, nǹkan kan ń mu iná níkọ̀kọ̀. Ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa wo mítà."

Mo yọ èkíní, mo yọ èkejì, ìkẹta, kò sí ìyàtọ̀. Bí mo ṣe yọ ìkẹrin, nọ́ńbà bọ́ sí òdo, Wálé pariwo: "Òun nìyẹn!" Dádì, ohùn yín gan-an ni. Inú bí mi. Ta ló fún un ní ohùn yín?

Fíúsì iná inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni. Bọ́tìnì kékeré tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ kí iná lè kú ti kán. Nígbà tí a dá fíúsì padà, a rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́ ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń jó nínú ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wálé yọ gílóòbù náà.

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. "O mọ nǹkan Dádì jù mí lọ."

Ó jókòó, ó ń nu ọwọ́. "Títún un ṣe nìkan ni mo mọ̀, Sìsítà mi. Ẹ̀yin lẹ bá Dádì gbé e jáde. Mi ò sùn nínú ẹ̀ rí. Fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì létí òkun ni Dádì máa ń fi ránṣẹ́ sí wa n'Íbàdàn. Mo máa ń fi àtàǹpàkò bo ojú yín, kó lè ku Dádì nìkan."

Ó tó ọjọ́ méjì kí n tó fi text ránṣẹ́ sí i pé kó bá wa lọ sí etí òkun.

Ọkọ̀ rẹ̀ la fi fa caravan lọ. Gbogbo iná tàn, omi ń yọ. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ti sá lọ sínú omi, mo wọlé, mo bá Wálé lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibi tí ẹ máa ń sùn. Oorun ti gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ kan lórí àyà, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń sùn. Mo ṣì ń jowú, Dádì. Ó ṣe mí bíi pé kí n jí i, kó kúrò níbẹ̀.

Oòrùn ń ta sí i lójú. Mo rọra fa kọ́tìnnì bò ó.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín débi pé kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín yín.