Fọ́tò Egungun Tó Pòórá

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le koko.

Nǹkan kékeré kan ló ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù. Mo rò pé fọ́tò egungun àwọn aláìsàn ti wọnú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ni mo bá pa fódà tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gbà wá. Àṣé àdírẹ́sì ibi tí fọ́tò wà nìkan ló wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Èmi sì ti wó ilé tí àdírẹ́sì náà ń júwe. Àfọwọ́fà ni. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ itan ìyá arúgbó kan, òfìfo ni dókítà ń rí.

Ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ẹrù mi fúyẹ́. Wọ́n gbé tábìlì mi sẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi dáadáa.

Ẹ kí àbúrò mi. Ẹ ní kó má tíì fiṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi ṣiṣẹ́ níbí o.