Ẹsẹ̀ Kan Nínú Ẹkù

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: obìnrin márùn-ún létí ẹkù yín, wọ́n ti ká ìró dé orúnkún, ẹyìn sísè nínú kòtò, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, àpótí yín, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, àti àbúrò yín, Ìyá Dúdú, tí ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ọdún kan ti pé tí ẹ ti kú. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ tẹ ẹyìn, bí ẹ ti ṣe lẹ́yìn ìyá yín. Mo sì ti ṣèlérí fún yín pé n ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo ṣubú lóko ilé-ìwé, tọkọ́tọkọ́. Dókítà ní Àjàṣẹ́ pè mí ní kamaradi, bí ìjọba ti ní ká máa pe ara wa, ó wá ní ọkàn mi ń ṣàìsàn, kí n fi iṣẹ́ agbára sílẹ̀, kí n máa sùn lọ́sàn-án. Nínú ilé yín! Níbi tí ẹ ti máa ń bu omi wọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè!

N kò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní mo ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kútọ̀nù dé Ṣábẹ̀. Ìyá àgbà ilé ọ̀rẹ́ mi náà kò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé òrí kúrò lórí iná àyàfi tí ó bá mi orí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wò ó.

Nígbà tí mò ń bọ̀ ni mo rántí pé ẹ̀yin náà kò tẹ ẹyìn mọ́ nígbẹ̀yìn. Ẹ kàn ń dẹtí sí epo ni. Bí omi inú rẹ̀ bá ti dákẹ́ ariwo, ẹ ó ní kí wọ́n gbé e. Kí ló ń ṣe yín nígbà náà, tí ẹ kò sọ?

Láàárọ̀ yìí, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo sì sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún wọn. Ìyá Dúdú ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ akọ̀wé ń bẹ̀rù ẹyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹsẹ̀ mi, ó sún àpótí yín sí mi.

Mo dẹtí sí ìkòkò mẹ́ta. Ìkankan kò jóná. Màmá, ṣé ìlérí mi ṣì dúró?

Orí ẹní yín ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì bu omi.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó dùbúlẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán.